Irun Fàdákà Inú Pílì Etí

Jàmíátù ọmọ Àdìzátù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó bá a gbé àdúgbò ní Kútọnu mọ̀ ọ́n sí obìnrin tó máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Kàláví láàárọ̀, tí yóò sì padà bọ̀ nírọ̀lẹ́ tòun ti ojú pípọ́n. Àwọn kan rò pé nọ́ọ̀sì ni. Àwọn mìíràn ní ìwé ló ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Òun fúnra rẹ̀ kì í yá sí àlàyé, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ròyìn lórí ìdúró: ó ń fi ojú wo agbára iná bó ṣe ń rìn nínú bátìrì tí kò tó èékánná àtàǹpàkò.

Pobè ni wọ́n bí i sí. Aago ọwọ́ ni bàbá rẹ̀ ń tún ṣe létí ọjà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀mú gbé ohun tíntìntín láìjẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Nígbà tí bàbá kú, ìyá rẹ̀ kó wọn wá sí Kútọnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ òkèèrè ní Mísẹ̀bò, àwọn aṣọ àlòkù tí wọ́n ń dì ní ìdì ńláńlá wá láti etíkun. Owó aṣọ yìí ni Jàmíátù fi kàwé débi tó kà á dé. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́, Adéníjì, ọmọ Kétu tó ti kàwé lókè òkun, kò bi í ní ìbéèrè púpọ̀ lọ́jọ́ tó wá wá iṣẹ́. Ó fa irun kan yọ lórí ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àwo funfun, ó fa òmíràn yọ, ó ní kí Jàmíátù fi ẹ̀mú tò wọ́n jọ kí wọ́n gba ara wọn kọjá láàárín gangan. Jàmíátù dá èémí dúró, ó ṣe é. Ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Àwọn bátìrì kékeré, èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní pílì, ni wọ́n máa ń kó wá sí iyàrá àyẹ̀wò wọn. Wọ́n á tú u nínú àpótí onígíláàsì kan tí wọ́n ti lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò nínú rẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú pílì kì í fẹ́ rí afẹ́fẹ́, kì í sì í fẹ́ rí omi. Wọ́n á gé e ní ìbú, wọ́n á tẹ ojú ibi tí wọ́n gé náà mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á kan oje rẹ̀ sí i, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n á wá tanná funfun sí i, wọ́n á sì jẹ́ kó máa gba agbára díẹ̀díẹ̀. Èédú kan wà nínú pílì, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsùlù. Bí agbára bá ṣe ń wọ inú èédú yìí ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Á kọ́kọ́ dúdú, á wá rí bí aró, á pọ́n bí epo, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ á wá máa dán bíi wúrà. Ẹni tó bá mọ àwọn àwọ̀ yìí á mọ ibi tí agbára dé àti ibi tí kò dé. Jàmíátù mọ̀ wọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ nínú iyàrá náà. Ó ní nígbà tí wúrà bá ń tàn kálẹ̀ bọ̀ báyẹn, òun a máa gbàgbé oúnjẹ.

Àárín ìgbà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni etí ìyá rẹ̀ di. Kò di lọ́jọ́ kan. Àdìzátù kọ́kọ́ ń ní kí àwọn oníbàárà tún ọ̀rọ̀ sọ, lẹ́yìn náà ó ń wo ẹnu wọn, nígbà tó yá kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé ọdún mẹ́fà nínú ìdákẹ́jẹ́. Ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń foríkanlẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà níwájú bá foríkanlẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wá kó ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wá láti òkèèrè, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, fún àwọn àgbàlagbà tí etí wọn ti di. Iyàrá àyẹ̀wò Adéníjì ni wọ́n ní kó máa bá wọn mójú tó pílì inú rẹ̀. Jàmíátù kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ẹ̀rọ kan nínú páálí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, òun ló fi kọ́ ìyá rẹ̀ létí. K7 ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ àti sára pílì inú rẹ̀, àmì gbogbo èyí tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Àdìzátù kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ni ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí yanrìn àgbàlá. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, ó tún rìn síwájú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ẹ̀rọ náà kiri. Èèyàn mẹ́wàá ló tipa ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá gba tiwọn nínú páálí kan náà.

Àdìzátù máa ń fẹ́ gbọ́rọ̀ títí di alẹ́, nítorí náà, bó bá ti kírun Àìlà tán lọ́sàn-án, á yọ ẹ̀rọ létí, á fi í sínú àpótí pélébé tó fi ń gba agbára, á sì ki wáyà rẹ̀ bọ iná ìsọ̀. Bó bá di Àlàásárì, á fi í padà sétí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì, ẹ̀rọ bàbá àgbà kan padà wá láti Ṣakété. Búrẹ́mọ̀ ni bàbá náà ń jẹ́. Ó ní ó ń jó òun létí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àgbà ló dé, pé ara bàbá ló ń gbóná. Adéníjì ní kí Jàmíátù tú pílì rẹ̀ wò kí àríyànjiyàn lè tán.

Ó tú u láàárọ̀, ó sì jókòó tì í. Àwọ̀ aró dé bó ṣe yẹ kó dé. Pupa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan wúrà, apá kan ṣoṣo ló dán. Apá kejì dúdú síbẹ̀, bí ẹ̀yinná tó ti kú. Agbára kò pín dọ́gba, ojú kan ló ń rọ́ lọ. Jàmíátù rò pé yóò tàn kálẹ̀ tó bá yá, ó ní sùúrù. Ibi tó ti ń wò ó ló ti rí ohun funfun kan létí ibi tí wúrà kún sí. Ó rò pé eruku ni. Ó nu awò, ó tún wò. Ohun náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì ti gùn sí i. Ó rí wínníwínní bí irun ọmọ tuntun, ó ń kọ mànà bíi fàdákà, ó sì kọjú sí òdìkejì.

Jàmíátù mọ ohun tó jẹ́. Bí èédú bá kún tí kò sí àyè mọ́, tí agbára sì ṣì ń rọ́ wá, inú èédú kọ́ ni ohun tó ń gbé agbára máa wọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa dì sí, á sì máa hù bí irun. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ya ojú méjèèjì pílì sọ́tọ̀, kí wọ́n má baà fara kanra. Bí irun náà bá gún awọ yẹn já, gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbóná, á wú, á sì gbaná.

Ó fi ẹ̀mú yí èèpo pílì náà padà. K7 ló kà níbẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Adéníjì tẹ̀ síwájú awò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó nàró, ó ní, "Ẹyọ kan nìyí. Ẹyọ kan lè ti bàjẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kò tíì di ẹ̀rí."

"K7 ni, sà."

"Mo rí i."

"K7 ni ti ìyá mi."

Adéníjì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. "Mélòó ló wà níta?"

"Mẹ́wàá, yàtọ̀ sí ti bàbá yìí."

"Méjì ṣì wà nínú páálí tí a kò tíì fún ẹnì kankan. Tú ọ̀kan nínú wọn wò."

Ó tú u. Ó gba wákàtí méjì gbáko, Jàmíátù kò sì gbójú kúrò lórí awò. Ó ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí wúrà tàn kálẹ̀. Wúrà kò tàn kálẹ̀. Ojú kan náà ló dì sí, irun náà sì tún hù.

Adéníjì wá wò ó. "Aṣojú ẹgbẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Bí a bá pariwo lónìí, tó wá jẹ́ pé àwa la ṣìnà, wọn ò ní kó ẹ̀rọ kankan wá síhìn-ín mọ́. Àwọn arúgbó ni ìyà rẹ̀ máa jẹ. Jẹ́ ká tún tú ẹ̀kẹta wò lọ́la. Ká ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ká tó lanu."

"Ó dáa, sà," ni Jàmíátù wí.

Ó padà síbi ìjókòó rẹ̀. Ó gbìyànjú láti kọ ohun tó rí sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò jọ lẹ́tà mọ́. Ó wo aago ara ògiri. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti kírun Àìlà tán ní Mísẹ̀bò.

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó dún títí ó fi já. Ó tún pè. Ó pè é nígbà mẹ́rin, kò sẹ́ni tó gbé e. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà á tó fi di pé kò lè jókòó mọ́, nítorí ó mọ ohun tí àìgbé fóònù yẹn túmọ̀ sí. Bí ìyá òun kò bá gbọ́ fóònù, a jẹ́ pé ẹ̀rọ kò sí létí rẹ̀. Bí kò bá sí létí rẹ̀, inú àpótí ló wà, ó ń gba agbára. Ìgbà tó bá sì ń gba agbára gan-an ni irun fàdákà yẹn ń hù.

Ó pe Oyèníkẹ́, obìnrin ará Nàìjíríà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀.

"Àǹtí Oyèníkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ wáyà ẹ̀rọ etí ìyá mi nínú iná."

"Mi ò sí ní ìsọ̀ o, àbúrò. Mo wà lọ́jà Dàntókpá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀rọ yẹn lè gbaná."

Ohùn Oyèníkẹ́ yí padà. "Ṣé inú aṣọ yẹn? Mò ń padà bọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí."

Jàmíátù kò bọ́ ẹ̀wù funfun iṣẹ́. Kò dágbére fún ọ̀gá rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá jáde báyẹn láìgbàṣẹ lè má rí iṣẹ́ bá mọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó ronú kan èyí, ó ti wà lẹ́yìn zẹ́míjàn kan, ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù tó ń gbé èrò, ó sì ti ń sọ fún ọlọ́kadà náà ní èdè Fọ̀n pé kó máa sáré lọ sí Mísẹ̀bò.

Láti Kàláví dé Gòdómẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀run. Èéfín ló ń wá. Ó mọ bí Mísẹ̀bò ṣe rí: ìdì aṣọ lórí ìdì aṣọ, òrùlé tó ń gun ara wọn, ọ̀nà tí èèyàn méjì kò lè gbà kọjá bí ọ̀kan bá ru ẹrù, ihò iná kan ṣoṣo tí ìsọ̀ márùn-ún ti fa wáyà. Kò sí ibi tí iná máa ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tó máa mọ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sì ní gbọ́ bí àwọn èèyàn bá ń ké. Ó ń rí i lọ́kàn rẹ̀, ìyá rẹ̀ tó kọ̀yìn sí iná, tó ń ká aṣọ ọmọdé.

Ní Vẹ̀dókò, ọkọ̀ dúró gbagidi. Ó tún pe fóònù. Ó dún títí. Ọlọ́kadà náà bojú wẹ̀yìn, ó bi í bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn.

"Rárá," ni Jàmíátù wí. "Ẹ ṣáà máa lọ."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n gba ààrin ọkọ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ́ń Miṣẹ́ẹ̀lì, ó rí èéfín. Ó dúdú, ó ń gòkè lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tó rò pé ọjà wà. Ó di èjìká ọlọ́kadà mú. Ìgbà tí wọ́n yà tán ló rí i pé ọkọ̀ àjàgbé àtijọ́ kan ló ń tú èéfín níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti tan án. Ó ní títí di òní, bí òun bá gbóòórùn èéfín ọkọ̀ báyẹn, òun a máa wá ibi jókòó sí.

Ní Mísẹ̀bò, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré wọ àárín ìsọ̀. Ohun gbogbo wà bó ṣe ń wà. Àwọn èèyàn ń nájà, wọ́n ń na ṣòkòtò sókè wò. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku bí ìsọ̀ mẹ́ta kó dé ti ìyá rẹ̀, òórùn kan kàn án nímú. Ó dùn, ó sì ta ni nímú, bíi ti omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ẹnikẹ́ni mìíràn lè gbà pé àwọn ọmọge ló ń ṣe èékánná nítòsí. Jàmíátù mọ̀ ọ́n. Òórùn oje inú pílì ni, kì í sì í jáde àfi bí pílì bá ti là.

Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó kọ̀yìn sí i, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń rí i lọ́kàn. Ó ń ká aṣọ.

"Ìyá," ni Jàmíátù ké. "Ìyá, ẹ dìde."

Àdìzátù kò yíjú. Ó na apá ẹ̀wù kékeré kan, ó ká a, ó tò ó.

Wáyà náà bọ́ láti ara ògiri wọ abẹ́ òkìtì aṣọ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń fi àpótí pamọ́ sí kí olè má baà jí i. Jàmíátù fa wáyà yọ lára iná, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tú òkìtì aṣọ náà ká. Àwọn aṣọ ìsàlẹ̀ ti dúdú. Àpótí ẹ̀rọ náà ti wú, ìdérí rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ẹ̀wù ọmọdé kan, èéfín tín-ín-rín sì ń jáde létí rẹ̀ tó ń dún ṣìì. Kò ronú mọ́. Ó gbá a mú tòun ti ẹ̀wù náà, ó sáré jáde sójú ọ̀nà, ó ń pariwo pé kí wọ́n yà fún òun. Òkìtì yanrìn kan wà níbi tí wọ́n ti ń mọ ògiri. Ó sọ ọ́ sórí rẹ̀. Kó tó bu yanrìn bò ó, iná yọ fùú, ó funfun, ó ga tó orókún èèyàn, ẹ̀wù ọmọdé náà sì jó tán lójú gbogbo wọn.

Àwọn èèyàn sá sẹ́yìn. Jàmíátù ń bu yanrìn, ó ń bu yanrìn, kò tíì mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún òun ti bó.

Ìyá rẹ̀ rí i bó ṣe sáré jáde, ó tẹ̀ lé e dé. Kò rí iná. Ohun tó rí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, tó fi ẹ̀rọ etí rẹ̀ sínú yanrìn, tó ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó fa Jàmíátù ní èjìká, ó sì gbá a létí.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?" ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, bíi ti gbogbo ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀. "Ìwọ lo fún mi létí. Ìwọ náà lo wá ń sin ín."

"Ìyá, ó ń gbaná. Ẹ wò mí lẹ́nu. Ó ń gbaná."

Ṣùgbọ́n ẹnu Jàmíátù ń gbọ̀n, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú ọjà. Ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ wa yanrìn náà. Jàmíátù gbá a mú láti ẹ̀yìn, wọ́n sì ń jà síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá àti ọmọ, títí Jàmíátù fi na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ojú ìyá rẹ̀.

Àdìzátù wò ó. Ó di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Jàmíátù fà á padà sínú ìsọ̀, ó fi àwọn aṣọ tó jóná hàn án. Àdìzátù mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó di eérú. Ó gbójú sókè wo ìdì aṣọ tó dé òrùlé. Ó wo ìsọ̀ Oyèníkẹ́, ó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yìn mi," ó ní. "Ẹ̀yìn mi ló wà."

Nígbà tí Oyèníkẹ́ sáré wọlé láti Dàntókpá, ó bá àwọn méjèèjì nílẹ̀. Ó da omi sí ọwọ́ Jàmíátù, ó ń dà á. Ìgbà tó ṣe ni Jàmíátù dìde, ó ní, "Mẹ́sàn-án ṣì kù."

Gbogbo ọ̀sán yẹn, fóònù ni wọ́n ń pè. Àwọn tí wọ́n ń wá náà kì í gbọ́ fóònù dáadáa, nítorí náà ọmọ, aya, àti aládùúgbò ni wọ́n ń pè. Oyèníkẹ́ ń pe àwọn tó gbọ́ Yorùbá Nàìjíríà, Jàmíátù ń pe àwọn Nàgó, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àti àwọn Fọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ yọ ọ́ létí wọn, ẹ fà á yọ nínú iná, ẹ gbé e sínú yanrìn níta. Ìyá arúgbó kan ní Jọ́ńkẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ gba ẹ̀rọ òun fún ẹlòmíràn ni. Àdìzátù fúnra rẹ̀ ló lọ síbẹ̀, kò jìnnà sí ọjà. Kò gbọ́ ohun tí ìyá náà ń sọ, ìyá náà kò sì gbọ́ tirẹ̀ nígbà tó yọ ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti rí mẹ́jọ. Ẹni kẹsàn-án ni Ràzáàkì, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti lọ sí Kétu kí àwọn èèyàn rẹ̀. Fóònù rẹ̀ kú. Jàmíátù kò lè jẹun, kò sì lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìbátan Ràzáàkì kan gbé fóònù, ó sì ń pariwo ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Ràzáàkì fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé, ó wá ní òun ti ju ẹ̀rọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ilé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí ariwo àwọn ìyàwó ọmọ òun ti pọ̀ jù fún òun. Jàmíátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sí Kàláví pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ó ti kó ìwé àti ife rẹ̀ sínú báàgì, ó rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti tán. Adéníjì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́.

"Mo ní kí o dúró," ó ní. "Bí o bá ti dúró..." Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sórí tábìlì rẹ̀.

Aṣojú ẹgbẹ́ dé lágogo mẹ́wàá. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní wọ́n ti ba ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́ lọ́jà. Adéníjì kò bá a jiyàn. Ó ní kó jókòó sídìí awò. Wọ́n ti tú ẹ̀kẹta, wọ́n sì jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí bí wúrà ṣe rọ́ sí ojú kan, tí irun fàdákà sì hù. Nígbà tó dìde níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ orúkọ mọ́. Wọ́n kó gbogbo K7 padà, àti ní Bẹ̀nẹ̀ àti níbi yòówù tí wọ́n ti pín in. Ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n sọ ni pé ẹ̀rọ kan tó ń gé èédú ló yẹ̀ díẹ̀, kò tó ìbú irun orí, tí ojú kan fi kúrú ju èkejì lọ.

Àdìzátù padà sínú ìdákẹ́jẹ́ fún oṣù mọ́kànlá. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n kì í wo Jàmíátù lójú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn Jàmíátù a rí i lágbàálá, á tẹ ẹsẹ̀ mọ́ yanrìn, á tẹ́tí.

Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tuntun dé, Jàmíátù tú méje wò nínú wọn, ó jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wúrà fi kún gbogbo rẹ̀ láìku ibì kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀kẹjọ lọ sílé. Ó gbé e sọ́wọ́, kò fi í fún ìyá rẹ̀.

Àdìzátù wo ẹ̀rọ náà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣé o ti wò ó?"

Jàmíátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

Jàmíátù tún mi orí.

Àdìzátù na ọwọ́, ó mú ẹ̀rọ náà, ó fi í sétí fúnra rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. "Sọ̀rọ̀," ó ní.

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ. Kí ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n?"

Jàmíátù ní òtútù ló ń mú òun. Ìyá rẹ̀ kò gbà á gbọ́, kò sì jà á níyàn. Ọ̀sán ni wọ́n fi ń gba agbára sí ẹ̀rọ náà báyìí, lórí pẹpẹ síméǹtì lágbàálá, kò sí aṣọ nítòsí, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Bí Jàmíátù bá wà nílé, òun ni. Ó máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, èyí tí awọ rẹ̀ kò tíì rí bíi ti àtijọ́, sórí ìdérí àpótí náà láti mọ bó bá ń gbóná.